Ègé 21 tí wọ́n pè ní àjèjì: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ lórí jígsọ̀ “Landing of Columbus”

Ohun tó wà nílẹ̀

Jígsọ̀ àlòkù kan ni, ìyẹn eré tí a ti ń to àwòrán tí wọ́n gé sí ègé kéékèèké padà, wọ́n kọ 1000 gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Àwòrán tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ ni “Landing of Columbus” tí John Vanderlyn yà, èyí tó fi bí Christopher Columbus ṣe gúnlẹ̀ sí erékùṣù Guanahani ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 1492 hàn. Ẹni méjì ló ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀: ọ̀kan kà á, ó sì ṣà á, èkejì ló tò ó. Nígbà tí ẹni tó ń tò ó kò rí ègé kankan fi sí i mọ́, ihò 25 ló ṣẹ́kù. Ọ̀kan wà lójú ọ̀run, ọ̀kan wà nínú iyanrìn, 23 yòókù ṣù jọ sápá ọ̀tún, níbi tí igbó wà.

Lórí tábìlì kan náà, àpòòwé kan wà tí ègé 21 wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kà á ló kó wọn síbẹ̀ kí títò tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ó sì kọ “àjèjì” sára àpòòwé náà. Ó ka 1021, páálí sì ní 1000 ni, ló bá gbà pé ègé 21 ti inú jígsọ̀ mìíràn bọ́ síbẹ̀. Àwọn tí kò jọ àwòrán ojú páálí rárá ló yọ. Ẹni tó ń tò kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yọ ọ́, kò sì ronú láti tú àpòòwé náà wò.

Gbogbo ègé 21 náà, ti jígsọ̀ yìí ni wọ́n. Ohun mẹ́ta ló pawọ́ pọ̀ tó fi dà bẹ́ẹ̀: iye tó wà lára páálí, bí wọ́n ṣe gé etí àwòrán náà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, àti bí Vanderlyn fúnra rẹ̀ ṣe pín ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn.

Àwòrán náà fúnra rẹ̀

Ọdún 1836 ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ yìí fún Vanderlyn. Ìlú Paris ló ti yà á, nígbà tó sì di oṣù kìíní ọdún 1847 wọ́n gbé e kọ́ sínú gbọ̀ngàn Rotunda ní ilé Capitol, níbi tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ti ń jókòó ní Washington, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní. Ọ̀dà olóróró ni, lórí aṣọ kánfáàsì, gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, fífẹ̀ rẹ̀ 18, ìyẹn mítà 3.66 sí 5.49. Mẹ́jọ ni irú àwòrán ńlá bẹ́ẹ̀ nínú Rotunda. Mẹ́rin dá lórí bí Amẹ́ríkà ṣe gba òmìnira. Mẹ́rin yòókù dá lórí bí àwọn ará Yúróòpù ṣe wọlé: Columbus, De Soto, arìnrìn-àjò ará Sípéènì, létí odò Mississippi, ìrìbọmi Pocahontas, ọmọbìnrin ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àti àwọn Pilgrim, ẹlẹ́sìn ará Gẹ̀ẹ́sì tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, tí ń wọkọ̀. Ti Columbus yìí ni ìjọba fẹ́ràn láti tẹ̀ kiri. Ó wà lórí sítáǹbù sẹ́ǹtì 15 ti ọdún 1869, ó sì tún jáde lórí sítáǹbù sẹ́ǹtì 2 ti ọdún 1893.

Ẹni tó bá fẹ́ tò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ayàwòrán ṣe pín in. Òkun, ọkọ̀ ojú omi àti ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ wà lápá òsì. Columbus dúró láàárín, ó gbé àsíá ọba sókè lọ́wọ́ kan, idà wà lọ́wọ́ kejì, fìlà rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀gákọ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, Martín Alonso Pinzón àti Vicente Yáñez Pinzón, gbé àsíá tiwọn dání. Àwọn kan kúnlẹ̀, àwọn kan ń wá wúrà nínú iyanrìn. Lápá ọ̀tún, igi ga, igbó ṣú, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà sì lúgọ sẹ́yìn igi, wọ́n ń wo àwọn àlejò. Orí àwọn tó ń gba ilẹ̀ ni Vanderlyn da gbogbo ìmọ́lẹ̀ sí. Àwọn tó ni ilẹ̀ ló fi sínú òkùnkùn. Kò kàn wáyé bẹ́ẹ̀, ojú tí àwọn tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ fi ń wo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, ó sì ní ohun tó ń ṣe fún ẹni tó bá ń to jígsọ̀: ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, àwọ̀ á máa júwe ọ̀nà, ibi tí òkùnkùn wà, àwọ̀ kò ní sọ nǹkan kan.

Kí ẹnikẹ́ni má sì mú un bí ẹ̀rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nínú orúkọ àwọn tí wọ́n ní wọ́n wà nínú àwòrán náà, a rí Alonso de Ojeda, bẹ́ẹ̀ ìrìn àjò kejì, ti ọdún 1493, ló bá Columbus lọ. Wọ́n to orúkọ àwọn ará Sípéènì lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn Lucayan, ìyẹn àwọn ọmọ ilẹ̀ tó lúgọ sẹ́yìn igi, kò lórúkọ kankan.

Ẹgbẹ̀rún tí kì í ṣe ẹgbẹ̀rún

Iléeṣẹ́ tó ń ṣe jígsọ̀ kì í gé ègé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀bẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ ní kọ́lọkọ̀lọ sórí pátákó ni wọ́n fi ń tẹ páálí tí àwòrán wà lójú rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára ńlá, tí yóò fi gé e ní ìlà ìbú àti ìlà òró. Nítorí náà, iye ègé gbọ́dọ̀ jẹ́ iye ègé tó wà lórí ìlà kan tí a fi iye ìlà sọ di púpọ̀. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ fún jígsọ̀ 1000 ni sẹ̀ǹtímítà 70 sí 50. Bí wọ́n bá pín in sí 40 sí 25, ìyẹn ègé 40 lórí ìlà kan, ìlà 25, 1000 géérégé ni yóò jẹ́, ṣùgbọ́n ègé kọ̀ọ̀kan yóò fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1.75, yóò sì ga ní 2. Bí wọ́n bá pín in sí 38 sí 27, ègé á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 1.84 sí 1.85, iye rẹ̀ á sì di 1026. Ọ̀pọ̀ aṣejígsọ̀ fẹ́ràn ti 38 sí 27 yìí, wọ́n á sì kọ 1000 sára páálí torí pé ìyẹn ni ọjà mọ̀. Bákan náà ni jígsọ̀ tí wọ́n kọ 500 sí lè jẹ́ 513, ìyẹn 27 sí 19.

Ẹni tó kà á ronú kan ètí. Ó ka gbogbo ègé etí, ó rí 126, ó ṣírò ti 40 sí 25, ó rí i pé 126 ló yẹ kó jẹ́: 40 àti 25 jẹ́ 65, ìlọ́po méjì rẹ̀ 130, yọ igun 4 tí a kà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ó bára mu. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé 38 àti 27 náà jẹ́ 65. Àpapọ̀ etí kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ìpín méjèèjì yìí, ó sì ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ìhà kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ kà lọ́tọ̀, kí ẹ ka igun mọ́ ọn. Bí férémù, ìyẹn àwọn ègé etí tó yí àwòrán ká, kò bá tíì pé, ẹ to ègé etí mẹ́wàá ti ìhà gígùn pọ̀, kí ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n: bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 17.5, 40 ló wà lórí ìlà. Bó bá jẹ́ 18.4, 38 ni. Ti jígsọ̀ yìí jẹ́ 18.4.

Ìṣirò wá dá ṣáká: 1026 ló yẹ kó wà, 1021 ni wọ́n kà. Márùn-ún ló dín, kì í ṣe pé 21 lé.

Nínú márùn-ún yẹn, ọ̀kan kò sọnù rárá. Ègé méjì tí ọ̀bẹ kò gé já tán ṣì so mọ́ra, wọ́n sì kà á sí ẹyọ kan. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ọ̀bẹ ti ń kú, pàápàá lẹ́bàá igun. Ojú a gé já ṣùgbọ́n bébà tó wà lẹ́yìn kò ní já. Ẹ má fà á ya. Ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ fi abẹ tẹ̀ lé ilà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan mìíràn há sínú ìṣẹ́po igun páálí, níbi tí páálí ti ṣẹ́ wọ inú ara rẹ̀. Òun ló fi ihò sílẹ̀ nínú iyanrìn. Ó ṣẹ́ ku mẹ́ta tó sọnù lóòótọ́: ọ̀kan lójú ọ̀run, méjì nínú igbó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ máa gbọn páálí jígsọ̀ àlòkù, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ tí kò mú wo inú gbogbo ìṣẹ́po kí ẹ tó pariwo pé nǹkan sọnù.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò kàn gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ègé kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gíráàmù, òṣùwọ̀n ilé ìdáná kì í sì sọ ohun tó kéré sí gíráàmù kan. Páálí tún máa ń fa ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ mọ́ra, nítorí náà àpapọ̀ ìwúwo lè yí padà láàárín àsìkò òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀ ju ìwúwo ègé mélòó kan lọ. Kíkà ló dára: mẹ́wàá mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún lórí tíréè kan.

Bí a ṣe ń dá àjèjì mọ̀

Àwọ̀ ni ẹ̀rí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù lọ. Ẹ wọn sísanra rẹ̀ pẹ̀lú kálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn nǹkan tín-ín-rín. Páálí jígsọ̀ máa ń sún mọ́ mìlímítà 2, ti iléeṣẹ́ méjì kì í sábà dọ́gba. Ẹ yí i padà, kí ẹ wo àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ gbé ojú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ iná, kí ẹ wò ó bóyá ó ń dán ni tàbí ó rí fọ́ọ́fọ́ọ́ bí aṣọ. Ẹ wá wo bí orí ègé náà, ìyẹn apá tó yọ jáde láti wọ inú aládùúgbò rẹ̀, ṣe rí, bóyá ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ó nípọn. Ègé tó bá yege nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í ṣe àjèjì, ohun yòówù kí àwọ̀ rẹ̀ jọ. Nínú àpòòwé yìí, 21 ló yege nínú 21.

Kí ló wá mú kí wọ́n jọ àjèjì? Àwòrán ojú páálí ni. Wọ́n ti tan án mọ́lẹ̀ ju àwòrán inú rẹ̀ lọ kó lè fa ojú mọ́ra níbi tí wọ́n ti ń tà á, wọ́n sì fi ìlà tí wọ́n kọ 1000 sí bo òkè apá ọ̀tún. Igbó tí kò hàn lójú páálí, ẹni tó ń ṣa ègé kò mọ̀ pé ó wà. Ó rí ègé dúdú àti àwọ̀ ilẹ̀ tí kò rí ibùgbé wọn, ó sì lé wọn jáde.

Etí tí wọ́n gé kún un. Àwòrán Vanderlyn jẹ́ ìdá méjì ní gíga sí ìdá mẹ́ta ní fífẹ̀. Bí a bá fún un ní gíga sẹ̀ǹtímítà 50, fífẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 75. Jígsọ̀ jẹ́ 70. Sẹ̀ǹtímítà márùn-ún gbọ́dọ̀ lọ, èyí sì tó sẹ̀ǹtímítà 37 lára kánfáàsì gangan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó òró ègé mẹ́ta. Aṣejígsọ̀ yìí gé bíi sẹ̀ǹtímítà kan lápá òsì, ó gé mẹ́rin yòókù lápá ọ̀tún, ó ṣe tán ọkọ̀ àti òkun ló ń tà, igbó kò tajà. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣí àwòrán náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì yóò máa wá igi tí kò sí nínú jígsọ̀ rárá. Ẹ kọ́kọ́ to férémù, kí ẹ wá gé àwòrán orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kó bá férémù náà mu, kí ẹ tó fi ṣe atọ́nà.

Títo igbó náà padà

Ihò 23, ègé 21. Ó dà bíi pé kò ju iṣẹ́ díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n gbogbo wọn dúdú, ìpín 38 sí 27 sì ba ọgbọ́n kan jẹ́: bí ègé ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kò lè wo gígùn rẹ̀ kí ẹ fi mọ ibi tó dojú kọ. Nínú ti 40 sí 25, ègé ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, ìdajì iṣẹ́ ti tán kí a tó gbé e sọ́wọ́.

Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Gílóòbù tó wà lókè orí máa ń mú kí ojú ègé dúdú tàn yanran, kò sì ní jẹ́ kí ẹ rí nǹkan kan. Ẹ gbé iná funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kó máa tàn wá láti ìhà kan. Lẹ́yìn èyí, ẹ to gbogbo ègé náà kí wọ́n dojú sókè, ẹ fi fóònù ya wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì fa ìmọ́lẹ̀ fọ́tò náà sókè dáadáa. Ohun tí ojú ń rí bíi dúdú kan ṣoṣo yóò pín sí mẹ́ta: àwọ̀ ewé, àwọ̀ ara igi, àti àwọ̀ ara èèyàn. Ohun tó gba àwọn ọmọ Guanahani padà lọ́wọ́ òkùnkùn nìyẹn. Lára ègé 21 tí wọ́n pè ní àjèjì, ara àwọn èèyàn wọ̀nyí wà nínú àwọn kan.

Ẹ ṣà wọ́n ní ìrísí. Ègé àárín kì í ju oríṣi mẹ́fà lọ: olórí mẹ́rin, olórí mẹ́ta, olórí méjì tó dojú kọra, olórí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, olórí kan, àti aláìlórí. Ẹ wo ihò, kí ẹ sọ oríṣi tó ń fẹ́, kí ẹ dán kìkì oríṣi yẹn wò. Níbi tí ihò ti ṣù jọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìhà mẹ́ta ti ní aládùúgbò, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Láàárín òkùnkùn, ègé tó wọlé kì í ṣe ègé tó tọ́ títí ẹ ó fi fi èékánná fa orí ìlà àárín wọn tí kò sì ní kọ́ ọ, títí igun mẹ́rin tó bá pàdé yóò sì fi fẹnu kora láìsí àlàfo.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe tó wà lójú ọ̀run náà ti jáde. Ègé etí méjì lókè, tí àwọ̀ wọn jẹ́ àwọ̀ ìkùukùu kan náà, ti gba ipò ara wọn. Férémù pé 38, ó sì tẹ́jú, kò sẹ́ni tó fura. Ìlà kejì lábẹ́ rẹ̀ ló ń yọ sókè díẹ̀, wọ́n sì ti fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tipátipá títí bébà ojú ègé kan fi ṣí kúrò lára páálí. Ẹ gbójú sílẹ̀ bá tábìlì dọ́gba, kí iná máa bọ̀ láti ìhà kejì: ègé tí kò sí níbi tó yẹ á ta òjìji. Bébà tó ṣí, ẹ fi igi ìtayín tọ́ gọ́ọ̀mù funfun tẹ́ẹ́rẹ́ sí abẹ́ rẹ̀, ẹ fi bébà tí kò lẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù bò ó, ẹ gbé ìwé wúwo lé e fún wákàtí méjì. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù sún mọ́ ọn; ohun tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀ kó lè máa dán yóò yọ́.

Ègé mẹ́ta tí a ní láti ṣe

Èyí ló gba ọgbọ́n jù, a ó sì dúró díẹ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ má fi pẹ́ńsù tẹ̀ lé etí ihò. Ẹnu pẹ́ńsù nípọn, yóò sì dín ègé kù ní gbogbo ìhà, tí ègé á máa mì nínú ihò. Ẹ tẹ́ bébà tín-ín-rín sórí ihò náà, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù rírọ̀ ra á fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Etí ihò á jáde gẹ́lẹ́ bó ṣe rí. Ẹni tó bá ní sikáánà lè gbé apá ibẹ̀ lé e kí ó sì yà á ní 600 dpi (àmì 600 nínú ínṣì kan), ìyẹn tún dára sí i, torí pé àwọ̀ àwọn aládùúgbò rẹ̀ á wà nínú rẹ̀.

Páálí: bí kálípà bá sọ pé mìlímítà 2 ni, páálí eléérú méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dín díẹ̀ sí mìlímítà 1, tí a lẹ̀ pọ̀, á tó. Bí kò bá sí, páálí tín-ín-rín mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dín díẹ̀ sí ìdajì mìlímítà. Ẹ rántí pé bébà tí a óò tẹ àwòrán sí àti gọ́ọ̀mù ní sísanra tiwọn. Kí àpapọ̀ páálí dín díẹ̀ sí 2, ní nǹkan bí 1.8. Gọ́ọ̀mù tó bá pọ̀ jù á mú kí ó wú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fi abẹ kàn án.

Àwòrán: Vanderlyn kú ní 1852, kò sẹ́ni tó ní ẹ̀tọ́ oníǹkan lórí àwòrán yìí mọ́, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé Capitol sì gbé e sójútáyé. Kánfáàsì tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 366 ti di 50, ìyẹn ni pé a ti dín in kù ní ìlọ́po 7.3. Láti tẹ gbogbo fífẹ̀ jígsọ̀ ní 300 dpi, àwòrán gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó píksẹ́ẹ̀lì 8268. Ègé kan yóò gba bíi 217. Àwòrán tó jẹ́ ìdajì ìwọ̀n yẹn á ṣì ṣiṣẹ́ fún igbó. Fún ojú ọ̀run náà, kò burú. Ibi tí kò ti ní tó ni ojú èèyàn tàbí okùn ọkọ̀.

Ẹ tẹ ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà, kí òkùnkùn rẹ̀ máa yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò lábẹ́ iná tí àwòrán náà yóò máa gbé. Máa retí pé ìtẹ̀wé ilé lórí bébà tí kò dán á sọ dúdú di eérú. Ẹ mú èyí tó ṣókùnkùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ojú ọ̀run le ju igbó lọ ní ti àwọ̀, torí ojú tètè ń rí àṣìṣe nínú àwọ̀ mímọ́lẹ̀. Igbó le jù ní ti ìrísí.

Ẹ lẹ àwòrán mọ́ páálí, kí ẹ wá gé e láti ojú, abẹ tuntun, ọwọ́ dídúró ṣánṣán. Ẹ fa á jẹ́jẹ́ nígbà mẹ́rin márùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ gé e já lẹ́ẹ̀kan á rí i pé abẹ ti fì sí ẹ̀gbẹ́, ojú ègé á tọ́, ìdí rẹ̀ á fẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ kó tóbi díẹ̀ ju ihò lọ, kí ẹ fi sáńpépà 400 yún un títí yóò fi wọlé láìfi agbára. Etí funfun tó bá hàn, ẹ fi pẹ́ńsù aláwọ̀ ilẹ̀ kùn ún. Amọ̀ tí ń gbẹ fúnra rẹ̀, tí àwọn kan máa ń dà sínú ihò, kò dáa: ó máa ń sún kì bó bá ti gbẹ, ọ̀rinrin rẹ̀ sì ń wú àwọn ègé tó yí i ká.

Gbígbé e kọ́

Ẹni tó ni ín fẹ́ kọ́ ọ sára ògiri. Gọ́ọ̀mù tí a ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn sójú kò bá jígsọ̀ yìí mu. Lórí àwọ̀ dúdú, ó máa ń fi ìkùukùu funfun sílẹ̀ níbi tó bá ti nípọn, ibi tó sì máa bàjẹ́ ni igun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà padà yìí. Bébà alálẹ̀mọ́ sí ẹ̀yìn ló dára. Ẹ fi pátákó pẹlẹbẹ méjì, tó fẹ̀ ju jígsọ̀ lọ ní ìhà gbogbo, há a láàárín. Ẹ dè é, kí ẹni méjì jọ yí i padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ lẹ bébà náà ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ láti àárín lọ sí etí, kí ẹ máa fi rúlà tì í, kí afẹ́fẹ́ má bàa há síbẹ̀. Ẹ má ra férémù títí ẹ ó fi wọ̀n ọ́n, torí jígsọ̀ 70 sí 50 kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ 70 sí 50 bí a bá tò ó tán, páálí tó ti fa ọ̀rinrin lè gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní mìlímítà mélòó kan. Ẹ má gbé e sí ojú oòrùn: tàdáwà orí ègé tí ẹ fi ẹ̀rọ ilé tẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣá, ègé mẹ́ta náà á sì máa tọ́ka ara wọn.

Ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá gba jígsọ̀ yìí lẹ́yìn ọ̀la gbọ́dọ̀ rí i níbẹ̀ pé 1026 ni ègé rẹ̀, 38 sí 27, pé mẹ́ta jẹ́ àfọwọ́ṣe, pẹ̀lú ìlà ìbú àti ìlà òró tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, kíkà láti igun òkè apá òsì. Ẹ kọ ọ́ pé wọ́n ti gé bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin kúrò lápá ọ̀tún. Orúkọ Vanderlyn, 1847, Rotunda. Bí àyè bá sì kù, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó wà lẹ́yìn igi: Lucayan, àwọn ará erékùṣù tí à ń pè ní Bahamas lónìí. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìgúnlẹ̀ yìí ni Columbus kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn àjò rẹ̀ pé èèyàn àádọ́ta tó láti tẹ gbogbo wọn lórí ba. Kó tó tó ọgbọ̀n ọdún, àwọn ará Sípéènì ti kó wọn lẹ́rú lọ sí erékùṣù Hispaniola àti síbi tí wọ́n ti ń wá péálì nínú òkun, àwọn erékùṣù tiwọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Gbogbo rẹ̀ gba bíi ìlà mẹ́jọ, lẹ́tà kéékèèké, lórí bébà tó tó àtẹ́lẹwọ́.